Kí Elsinore àtijọ́ tó gbọ́ràn sọ́wọ́: ibi tó yẹ kí owó rẹ kọ́kọ́ lọ

Ẹni tó bá gun Honda CR250M Elsinore ti ọdún 1973 fún ìgbà àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Alùpùpù náà fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì 248 cc rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, sì ń fa ènìyàn lọ bí ẹṣin tó já okùn. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Tó bá ti dé ibi tí ilẹ̀ ti rí gbágungbàgun ṣáájú kọ́nà, tó tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ so, háńdù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, iwájú ò sì ní fẹ́ lọ síbi tí wọ́n darí rẹ̀ sí.

Kì í ṣe pé alùpùpù yìí burú. Òun ni Gary Jones fi gba ife-ẹ̀yẹ 250 cc ti AMA, ẹgbẹ́ àwọn alùpùpù Amẹ́ríkà, lọ́dún 1973; àbúrò alùpùpù náà, CR125M, ni Marty Smith sì fi gba ti 125 cc lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé nǹkan bí ínṣì 4 péré (100 mm) ni ẹ̀yìn rẹ̀ lè rìn lọ sókè-sódò, iwájú rẹ̀ nǹkan bí ínṣì 7. Alùpùpù motocross (eré orí ilẹ̀ gbágungbàgun) òde òní ń rìn tó ínṣì 12 níwájú àti lẹ́yìn. Wá fi àádọ́ta ọdún tí bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn òrùka tí ohun tó ń yí jókòó sínú rẹ̀, ti ń jẹ, tí ọ́ìlì sì ti ń di ẹrẹ̀, lé e, wàá mọ ìdí tó fi ń ṣagídí.

Bí o bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ rà, mẹ́jọ á ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni. Òun ló wà níta, òun ló ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi náà. Mo ná owó tó lé ní dọ́là 400 lórí ṣọ́ọ̀kì méjì, mo dè wọ́n, mo gbé alùpùpù lọ sí pápá, ó ṣì ń yídìí bí ẹni tó gbọ́ ìlù. Bọ́ọ̀ṣì ìdí apá ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ló ti jẹ tán pátápátá. Owó bọ́ọ̀ṣì náà kò tó dọ́là 50. Ẹni tó ta ṣọ́ọ̀kì fún mi kò bi mí léèrè nípa bọ́ọ̀ṣì, èmi náà kò sì bi ara mi.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ṣáájú, àmọ́ kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ ń gba owó, títún un tún lẹ́yìn ọdún kan náà ń gba owó. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń béèrè bóyá ó ṣeé dá padà. Elsinore tí gbogbo ara rẹ̀ pé kò wọ́pọ̀ mọ́, ihò tí o bá sì lu sára férémù lónìí, ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la á rí i.

Òfin náà wà ńbẹ̀. AHRMA tó ń ṣètò eré alùpùpù àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ní kíláàsì vintage fún irú alùpùpù yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fi ààlà sí ìrìn ṣọ́ọ̀kì: ínṣì 7 níwájú, ínṣì 4 lẹ́yìn. Bí o bá kọjá rẹ̀, kíláàsì mìíràn ni wọn yóò tì ọ́ sí, wàá sì máa fi nǹkan ọdún 1973 lé ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 1979.

Èyí tó kù ni ìwọ fúnra rẹ. Kílò mélòó ni ọ́, tìwọ ti bàtà àti akoto? Sípíríǹgì tó wà lára alùpùpù yìí kò fojú sun ọkùnrin kílò 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán.

Àwọn èèlò tó ti jẹ

Gbé alùpùpù sórí àpótí kí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, tì í sọ́tùn-ún, fà á sósì. Bí o bá gbọ́ “kọ́”, bọ́ọ̀ṣì apá ẹ̀yìn tàbí bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ ti lọ. Bọ́ síwájú, di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mú, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, tì í padà. Lẹ́yìn náà, yí háńdù díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì. Bó bá há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bíi pé ó ń wọnú kòtò, àwọn bọ́ọ̀lù bẹ́ríǹgì ọrùn ti gbẹ́lẹ̀ síbi tí wọ́n jókòó sí. Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí alùpùpù rìn gbọọrọ. Ẹni tó gùn ún á máa tọ́ ọ sọ́nà ní gbogbo ìgbà, á sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gùn.

Bọ́ọ̀lù kéékèèké ló wà nínú ọrùn náà láti ilé-iṣẹ́. Mú wọn kúrò, fi bẹ́ríǹgì onírólà tó rí ṣóńṣó sí i. Dọ́là 30 sí 60 ni, ó sì lè má tún bà jẹ́ mọ́ títí wàá fi tà á. Ní ti apá ẹ̀yìn, ra bọ́ọ̀ṣì idẹ, tàbí kí o gbé ìwọ̀n rẹ̀ fún ẹni tó ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì ọ̀kadà rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí, torí Bajaj Boxer tó kún títì wa ṣì ń lo ṣọ́ọ̀kì oníọ̀pá méjì níwájú àti ṣọ́ọ̀kì méjì lẹ́yìn bíi ti Elsinore. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ kí o kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni òòlù. Má fi òòlù gbá bọ́ọ̀ṣì tuntun wọlé. Ki bóòtù gígùn bọ inú rẹ̀, fi wọ́ṣà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o máa fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bí o bá ń dá ẹsẹ̀ iwájú padà, má tíì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ pinpin. Tẹ iwájú alùpùpù mọ́lẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà kí ọ̀pá méjèèjì rí ibi tó bá wọn lára mu, kí o tó wá dì í. Mo ti rí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n bú fún ọdún kan pé ó le, tó jẹ́ pé wíwọ́ tí wọ́n dè é ni kò jẹ́ kó rìn.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kì í sábà ju dọ́là 150 lọ bí o bá fọwọ́ ara rẹ ṣe é. Kò ba ohun kankan jẹ́, kò sì sí kíláàsì tó kọ̀ ọ́.

Kí n fi táyà kún un, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ínṣì 21 ni iwájú, 18 ni ẹ̀yìn. Táyà tó ti gan kò lè di ilẹ̀ mú, bó ti wù kí ara rẹ̀ ṣì ga tó. Má ra èyí tó fẹ̀ jù sí ẹ̀yìn: ríìmù tóóró á fún un pọ̀, orí rẹ̀ á di róbótó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì máa kan ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ psi 12 sí 14 ni mo máa ń fẹ́ sí i, pẹ̀lú irin tó ń di táyà mọ́ ríìmù kó má baà fa ẹnu tíúbù já.

Sípíríǹgì àti ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, torí náà ẹ jẹ́ ká tú inú rẹ̀ wò. Nínú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kékeré kan wà tí wọ́n lu ihò sí lára. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń wọlé, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gba ihò yẹn kọjá, ìnira tí ọ́ìlì ń rí níbẹ̀ ló ń dá ṣọ́ọ̀kì dúró. Ihò náà kì í fẹ̀, kì í sì í dín. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ìdènà di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá tẹ bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì ń wọlé jẹ́jẹ́, ọ́ìlì sì ń kọjá bí ẹni pé kò sí ihò níbẹ̀, iwájú á wólẹ̀. Bí o bá kọlu òkúta tàbí etí kòtò, ọ́ìlì fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, kò ráyè, ṣọ́ọ̀kì á le gan-an bí igi, ọwọ́ rẹ á sì gba gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n rí i tí iwájú ń wólẹ̀, wọ́n wá da ọ́ìlì tó ki sí i. Wíwólẹ̀ á dín díẹ̀. Kíkọlu òkúta á wá di ìyà. Sípíríǹgì ló yẹ kó gbé ọ; iṣẹ́ ọ́ìlì ni kó má jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò. Bí o bá fi ọ́ìlì ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, méjèèjì ló máa bà jẹ́.

Bí o ṣe máa mọ̀ bí sípíríǹgì rẹ bá tó: gbé iwájú sókè kí ṣọ́ọ̀kì nà tán, fi téèpù wọn ibì kan sí ibì kan. Wọ gbogbo aṣọ eré, dìde dúró lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí ẹnì kan di alùpùpù mú, kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n. Nínú ìrìn 180 mm, ó yẹ kó rì ní nǹkan bí 45 sí 60 mm. Bó bá rì tó 80, sípíríǹgì rẹ rọ̀ jù. Àwọn kan máa ń gé páìpù PVC sórí sípíríǹgì láti gbé iwájú sókè. Dọ́là kan ni, ó sì wúlò láti tún gíga rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ sípíríǹgì tó rọ̀ di líle.

Sípíríǹgì tuntun tó bá ìwọ̀n ara rẹ mu á gbà tó dọ́là 100 sí 130, ọ́ìlì nǹkan bí 20. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAE 10 (iye yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), má sì ka iye tí wọ́n kọ sára ike sí òfin, torí 10 ti ilé-iṣẹ́ kan lè ṣàn ju 10 ti òmíràn lọ. Mú orúkọ kan, kí o dúró tì í. Gíga ọ́ìlì ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ: yọ sípíríǹgì, ti ọ̀pá wọlé tán, wọn àyè tó ṣófo láti ẹnu ọ̀pá dé ojú ọ́ìlì. Afẹ́fẹ́ inú àyè yẹn náà jẹ́ sípíríǹgì. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń kanlẹ̀ gbàù lẹ́yìn tí o bá fò, fi ọ́ìlì dín àyè náà kù ní 10 mm, kí o lọ gùn ún wò.

Lójú tèmi, kò sí dọ́là 150 tó ń ṣiṣẹ́ ju èyí lọ lára Elsinore tí ọrùn àti apá rẹ̀ ti dára.

Emulator

Ilé-iṣẹ́ Race Tech ni orúkọ rẹ̀ mọ́ nǹkan yìí jù. Fáàfù kékeré ni, orí ọ̀pá oníhò yẹn ló ń jókòó sí, sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìkọlù bá le, fáàfù á ṣí kí ọ́ìlì ráyè kọjá. Bí ó bá jẹ́ jẹ́jẹ́ ni, á pa dé. Ó yanjú ìjà tí mo ṣàlàyé lókè: iwájú kò ní wólẹ̀ bí o bá tẹ bíréèkì, òkúta kò sì ní fọ́ ọ lọ́wọ́.

Owó rẹ̀ tó dọ́là 170 sí 200, láìka sípíríǹgì. O gbọ́dọ̀ lu ihò ọ̀pá inú náà kó fẹ̀ dáadáa kí ó má baà máa bá fáàfù ṣe iṣẹ́ kan náà, ihò tí a bá sì fẹ̀ kò ní padà dín. Ra ọ̀pá mìíràn lọ́jà àlòkù kí o lu ìyẹn, kí o fi ti ilé-iṣẹ́ pamọ́. Wọn inú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì rẹ kí o tó sanwó, kì í ṣe gbogbo alùpùpù àtijọ́ ni ìwọ̀n kan wà fún.

Ìnira rẹ̀ ni ìtúnṣe. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ yí i le tàbí rọ̀, o máa yọ sípíríǹgì, wàá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde nínú ọ́ìlì. Ọ̀sán Sátidé kan lè bá a lọ. Ẹni tó ń sáré lóṣooṣù níbi tí ilẹ̀ ti le tó sì kún fún kòtò tí bíréèkì ń gbẹ́ sílẹ̀ á jèrè rẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún lórí koríko á fi owó náà ra nǹkan mìíràn.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn

Nísinsìnyí la lè sọ̀rọ̀ èyí tó ń dán. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ń da ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ilé kan. Bí o bá ti gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbóná, ọ́ìlì á di fóòmù, ìdènà á sì lọ pátá. Ìdí nìyí tí alùpùpù fi máa ń dára ní yípo méjì àkọ́kọ́, tí yóò wá di ewúrẹ́ ní yípo karùn-ún. Èyí tó bá Elsinore wá láti ilé-iṣẹ́ ti rẹ̀ tán lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Bí tìrẹ bá ṣì mọ́, yọ ọ́, fi aṣọ wé e, tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ tí o bá fẹ́ tà.

Àárín ọjà ni YSS ti Thailand wà, dọ́là 300 sí 500 fún méjì. Wọ́n ṣeé tú, èyí tó ní gáàsì nítírójìn ń ya gáàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì, kì í sì í di fóòmù bọ̀rọ̀. Öhlins ti Sweden, tí Kenth Öhlin dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, lé ní dọ́là 1000. Mo ti gun alùpùpù tó ní i. Ó dára, irọ́ kọ́. Lórí ìrìn 100 mm, mo rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èyí tí mo ní, ṣùgbọ́n mi ò rí ìyàtọ̀ dọ́là 600.

Èyíkéyìí tí o bá fẹ́ rà, sọ ìwọ̀n ara rẹ fún ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú aṣọ eré. Bí kò bá bi ọ́, wá ẹlòmíràn. Ó yẹ kí ẹ̀yìn rì ní nǹkan bí 30 mm tí o bá jókòó sórí rẹ̀. Jẹ́ kí gígùn rẹ̀, láti ojú ihò bóòtù òkè dé ti ìsàlẹ̀, bá ti ilé-iṣẹ́ mu. Àwọn olójà kan á ní kí o ra èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀, torí ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ìdúró alùpùpù

Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bí 1400 mm. Bí o bá gbé ẹ̀yìn sókè, tàbí tí o sọ iwájú kalẹ̀, ní 25 mm, ọrùn férémù á dúró ṣánṣán sí i ní nǹkan bí dìgírì kan. Dìgírì kan pọ̀. Alùpùpù á yára yí ní kọ́nà, àmọ́ lójú ọ̀nà gbọọrọ orí rẹ̀ á máa mì.

Bí Elsinore rẹ kò bá fẹ́ yí, tú bóòtù irin tó di ṣọ́ọ̀kì iwájú mú, ti ọ̀pá méjèèjì sókè ní 5 mm, kí o lọ gùn ún. Ọ̀fẹ́ ni. Má kọjá 10. Kí o tó gùn ún, yọ sípíríǹgì, tẹ iwájú wálẹ̀ pátápátá, wò bóyá táyà ń kan férémù. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ṣọ́ọ̀kì gígùn lọ nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún lo fi máa dá a padà.

Oríṣi kejì ni kí wẹ́dà gé ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn so mọ́, kí ó gbé e síwájú kí ẹ̀yìn lè rìn jù bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sáré nígbà náà ṣe: ilé-iṣẹ́ Maico ti Jámánì gbé tirẹ̀ síwájú lọ́dún 1974, Yamaha ti lo ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí Lucien Tilkens ará Bẹ́ljíọ̀mù rò jáde, òun sì ni Håkan Andersson fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 250 cc lọ́dún 1973. Wọ́n ní ìdí, ojú wọn sì ti wà lára alùpùpù ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ kò ní. Ṣéènì rẹ á máa dẹ̀ á sì máa le, wàá ní láti so ohun tó ń fà á mọ́ ọn, férémù á ti di ti oníwẹ́dà, AHRMA á sì tì ọ́ sí kíláàsì mìíràn. Mi ò gbà ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ti alùpùpù tuntun

Àwọn kan ń yọ gbogbo iwájú alùpùpù òde òní, wọ́n ń gbé e sórí Elsinore. Ọ̀pá náà nípọn, ó ń rìn tó 300 mm. Bí o kò bá fi nǹkan dín in kù nínú, imú alùpùpù á wà lókè bí ti adìyẹ tó ń mumi. Bí o sì dín in kù, agbára irin líle yẹn á máa já sí ọrùn férémù tí wọn kò ṣe fún un. Owó rẹ̀ pọ̀, òfin kíláàsì kò fàyè gbà á, ẹwà alùpùpù náà sì ti lọ. Ra alùpùpù tuntun.

Ìgbà tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ló ń dààmú rẹ

Suzuki TM400, tí wọ́n ṣe láti 1971 dé 1975, jẹ́ alùpùpù tí gbogbo ènìyàn bú pé kò ṣeé darí. Apá kan ẹ̀sùn yẹn jẹ́ ti férémù. Apá tó kù jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì: irin róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ jù, agbára sì ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ní àárín kọ́nà, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò tíì di ilẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ tó gbé irin tó wúwo sí i rí i pé alùpùpù náà rọ̀ lọ́wọ́ wọn láìfọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Bí Elsinore rẹ bá ń yọ ní kọ́nà tí o bá ṣí epo, wo kábúrétọ̀ àti ọwọ́ rẹ kí o tó dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi.

Ta ni kó mú èwo

Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, tí o kò tíì mọ ẹni tó gùn ún kẹ́yìn, bẹ́ríǹgì, bọ́ọ̀ṣì àti táyà nìkan ni kí o ṣe ní ọdún yìí. Gùn ún ní oṣù mẹ́ta kí o tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ẹni tó lé ní kílò 85 kò ní ìdí láti dúró pẹ́: sípíríǹgì iwájú kíá, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì àárín ọjà tí sípíríǹgì rẹ̀ bá a mu. Ẹni kílò 65 lè rí i pé ti iwájú ilé-iṣẹ́ gbé e dáadáa, kó fi owó sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn.

Ẹni tó ń dupò ní kíláàsì vintage, tó sì ń lọ sí pápá líle, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ emulator, lẹ́yìn tó bá ti ṣe gbogbo èyí tó ṣáájú. Òun náà nìkan ni Öhlins lè tọ́ sí, bí owó bá wà.

Ẹni tó ra Elsinore láti máa gbé e lọ síbi àfihàn, kó fi ọ́ìlì tuntun sínú ṣọ́ọ̀kì iwájú, kó pààrọ̀ bẹ́ríǹgì ọrùn, kó sì fi gbogbo èyí tó kù sílẹ̀ bí Honda ṣe ṣe é. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ní kó jẹ́ kí òun fi í fò díẹ̀, kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó fi gbé e wá dání, kó sọ pé òun ti fẹ́ máa lọ.